Ta Ni Kọ̀ǹpútà Ń Bá Ta Ayò?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ayò ọlọ́pọ́n tí àwọn bàbá wa ń ta lábẹ́ igi ti di ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kò torí rẹ̀ sùn ní Amsterdam, ní Montreal, ní Ọ̀tà àti ní Akókà níbí, ẹ má bá onítọ̀hún jiyàn. Òótọ́ ni. Wọ́n ti fi ìṣirò tó le koko yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kà káàkiri ayé, wọ́n sì ti kọ́ kọ̀ǹpútà títí tí òun náà fi mọ̀ ọ́n ta. Mo ti jókòó ka díẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ náà. N kò ní í purọ́ fún yín, orí mi wú. Ṣùgbọ́n bí orí mi ti ń wú ni ọkàn mi ń bi mí ní ìbéèrè kan. Ìbéèrè ọ̀hún ni mo gbé wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé lónìí, nítorí ó kan àwa tí à ń gbé Ṣómólú àti Bàrígà ju bí ẹ ṣe lè rò lọ.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé yìí ti wádìí bí èèyàn ṣe ń borí nídìí ayò. Nínú èyí tí mo kà, n kò rí ibi tí wọ́n ti wádìí ohun tó ń mú èèyàn jókòó ti ayò láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n ni ti àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù fún ọmọ aráyé ni ti ìkejì. Bí a bá wá ń fi ọ̀kan pe èkejì, àwọn ọmọ wa ni yóò san gbèsè rẹ̀.

OHUN TÍ À Ń PÈ NÍ AYÒ

Fún àwọn ọmọ Èkó tí wọn ò fọwọ́ kan ọpọ́n rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ní ṣókí. Ihò 12 ló wà lára ọpọ́n ayò, mẹ́fà níwájú ẹni kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 48. Ẹni tó kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ihò kan ní apá tirẹ̀, yóò máa pín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àwọn ihò tó tẹ̀lé e, yóò sì yí gba ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Bí èyí tó pín kẹ́yìn bá bọ́ sínú ihò ẹnìkejì, tó sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́ nìyẹn. Bí ọmọ bá pọ̀ nínú ihò kan tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n lè yí gbogbo ọpọ́n po, odù ni à ń pè é. Ẹni tó bá mọ ìgbà tó yẹ kó tú odù rẹ̀, ẹ má fi ojú kékeré wò ó. Ẹni tó mọ ayò ta ni ọ̀ta, ẹni tí gbogbo èèyàn ń jẹ ni ọ̀pẹ̀. Òfin yìí lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ nìyẹn. A. O. Odeleye tilẹ̀ kọ odindi ìwé kan lórí rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, Ayo: A Popular Yoruba Game ni ó pe orúkọ rẹ̀.

Òfin nìkan ni mo kà sílẹ̀ yẹn o. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró nídìí ayò rí, ẹ mọ̀ pé òfin nìkan kọ́ ni ayò. Ariwo ńkọ́? Ìró ọmọ ayò tó ń kọ lu igi ńkọ́? Àwọn tó dúró tì wọ́n, tí wọn ò ta, àmọ́ tí ẹnu wọn ò dákẹ́ ńkọ́? Ọ̀pẹ̀ tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí tó fi gbàgbé odù tó ń kó jọ ńkọ́? Ẹ fi èyí sọ́kàn, a óò padà débẹ̀.

IBI TÍ ÌWÁDÌÍ DÉ

Kì í ṣe òní ni irú eré yìí wọ inú kọ̀ǹpútà. Nínú ìwé BASIC Computer Games tí David Ahl kó jọ ní Amẹ́ríkà, èyí tó jáde ní 1978, eré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n pè ní Awari. Ọmọ ìyá ayò ni Awari. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà nígbà náà á máa fọwọ́ tẹ ètò rẹ̀ wọlé ní ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà á wá jókòó bá a ta. Ní 1995, Duane Broline àti Daniel Loeb, àwọn oníṣirò méjì, wo ìparí ayò, ìyẹn nígbà tí ọmọ bá ti kù díẹ̀ lórí ọpọ́n tí ẹnìkan sì lè máa jẹ ní gbogbo ìgbà tó bá kàn án. Wọ́n pe ayò ní ayò, wọ́n sì sọ pé eré àwọn ará Nàìjíríà ni. Ibi tí ìṣirò wọn parí sí ni nọ́ńbà π, èyí tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣírò ohun tó bá rí róbótó. Ta ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní í ṣe hàà?

Èyí tó gba ẹnu ayé jù ni ti 2002. John Romein àti Henri Bal, ọ̀mọ̀wé méjì ní Vrije Universiteit ní Amsterdam, pinnu láti tú Awari palẹ̀ pátápátá. Awari tí wọ́n tú yìí, ihò 12 àti ọmọ 48 ni, méjì àti mẹ́ta ni wọ́n sì ń jẹ. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ wo bí eré ṣe ń parí bí ọmọ kan ṣoṣo bá kù lórí ọpọ́n, lẹ́yìn náà méjì, lẹ́yìn náà mẹ́ta, títí wọ́n fi rìn padà dé 48 tí a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà tí ọmọ lè gbà jókòó lórí ọpọ́n tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ 889,063,398,406. Ẹ tún un kà. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 ni wọ́n so pọ̀, wákàtí 51 ni wọ́n sì fi ṣe é. Kí wá ni àbájáde rẹ̀? Bí àwọn méjèèjì bá ta láìṣi ọwọ́ rárá, ọ̀mì ni.

Mo rántí pé nígbà tí mo kà á tán, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Eré tí àwọn baba ńlá wa fi ń pa ọ̀sán, òun ni òyìnbó so ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 mọ́ kó tó lè rí ìdí rẹ̀! Iṣẹ́ gidi ni, n kò ní í bu ẹnu àtẹ́ lù ú. Àwọn tó ṣe é kò sì sọ ju ohun tí wọ́n rí lọ. Wọn ò sọ pé àwọn mọ ìdí tí èèyàn fi ń ta á. Wọ́n kàn sọ ibi tó ń parí sí bí ẹni méjì tí kì í ṣìṣe bá pàdé. Àmọ́ ẹ sọ fún mi, ta ni kì í ṣìṣe nínú wa? Láti ọdún náà títí di òní, n kò tíì gbọ́ pé ẹnì kan ní Ṣómólú gbé ọpọ́n rẹ̀ sọnù nítorí wọ́n ti rí ìdí ayò ní Amsterdam. Ohun tí wọ́n tú palẹ̀ lọ́hùn-ún kọ́ ni àwọn èèyàn wa ń ṣe níhìn-ín.

TA NI WỌ́N FI DÁN AN WÒ?

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ti ilé. Ní 2009, I. O. Akinyemi àti E. F. Adebiyi ti Covenant University ní Ọ̀tà, pẹ̀lú H. O. D. Longe ti Yunifásítì Èkó ní Akókà, gbé ìwádìí kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè máa pinnu ohun tí yóò ta nínú ayò bí èèyàn. Ohun méjì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ yìn wọ́n fún. Èkíní, Ayo ni wọ́n pè é. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe irú ìwádìí yìí lókè òkun, Awari ni wọ́n mọ̀, orúkọ tiwa kì í wọ inú rẹ̀. Orúkọ sì ni àmúyẹ. Èkejì, wọn ò lọ wá agbára ẹ̀rọ kiri bí àwọn ará Amsterdam.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí. Ọgbọ́n tí kọ̀ǹpútà ń lò nínú irú eré yìí kò ṣàjèjì sí ọ̀ta ayò. Á bi ara rẹ̀ pé: bí mo bá ta ihò yìí, kí ni yóò fi dá mi lóhùn? Bó bá fi tọ̀hún dá mi lóhùn, kí ni èmi náà yóò tún ta? Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa la ẹ̀ka bí igi. Minimax ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Bí ẹ̀ka bá ṣe ń pọ̀ sí i ni kọ̀ǹpútà yóò máa ṣe làálàá. Ọgbọ́n tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa dá ni pé kí ẹ̀rọ má ṣe rò jìnnà jù, kó fi ìmọ̀ tó ti ní ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, kó sì mú èyí tó dára jù ní kíá. Ní 2004, àwọn mẹ́rin kan ní Concordia University ní Montreal ti kọ́kọ́ rin irú ọ̀nà yìí. Wọ́n tilẹ̀ sọ ètò kọ̀ǹpútà tiwọn ní Ayo, àkọlé iṣẹ́ wọn sì sọ ọ́ gbangba pé kéèyàn mọ ojú ọpọ́n wò dára ju kó máa rò jìnnà lọ. Ọ̀ta ayò wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní í mi orí? Ní ilẹ̀ tiwa yìí tí iná ń wá tó ń lọ, tí fóònù kékeré sì ni kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ èèyàn, ọgbọ́n tí kò gba agbára púpọ̀ ni ọgbọ́n.

Ó dáa. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di àríyànjiyàn nìyí. Nínú àkótán iṣẹ́ wọn, àwọn ọ̀mọ̀wé wa sọ pé ọ̀nà tí àwọn fi kọ́ ẹ̀rọ yìí ń mú ara bá ipò mu, ó sì ń yára pinnu, ju ọgbọ́n orí ọmọ ènìyàn lọ. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn o. Mo wá wo ibi tí wọ́n ti sọ ẹni tí wọ́n fi dán an wò. Inú àkótán kan náà ló wà: Awale ni. Awale yìí, ta ni? Kì í ṣe èèyàn. Ètò kọ̀ǹpútà mìíràn ni. Ẹ̀rọ bá ẹ̀rọ ta, ó ta á dáadáa, a wá ní ó gbọ́n ju èèyàn. Èèyàn wo?

Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ṣe tiwọn. Ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà, Jonathan Schaeffer kọ́ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ta dráàfù, Chinook ni orúkọ rẹ̀. Kò sọ pé ó ju èèyàn lọ kí ó tó gbé e lọ bá Marion Tinsley, ẹni tí gbogbo ayé gbà pé kò sí irú rẹ̀ nídìí dráàfù. Ní 1992, ní London, wọ́n jókòó. Tinsley jẹ mẹ́rin, Chinook jẹ méjì, wọ́n ta ọ̀mì 33. Ní 2007 ni Schaeffer àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó tú dráàfù palẹ̀, ọ̀mì náà ni ó já sí. Nídìí chess, ẹ̀rọ IBM tó ń jẹ́ Deep Blue ní láti jókòó níwájú Garry Kasparov fúnra rẹ̀ ní New York ní 1997 kó tó borí rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ fún ọ̀ta. Wọ́n mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n gbé àga fún un, wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo ayé wá wòran.

Ta ni Tinsley ayò? Ta ni Kasparov wa? Mo mọ̀ pé wọ́n wà. Wọ́n wà ní Bàrígà, wọ́n wà ní Ìlàjẹ, wọ́n wà ní Fọlá Àgòrò. Ṣé ó wá yẹ kí wọ́n kọ́ ẹ̀rọ láti ta ayò bí èèyàn, kí wọ́n má sì pe ọ̀ta ayò kan ṣoṣo wá jókòó? Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé, "Ọ̀gbẹ́ni, ìmọ̀ nípa ọgbọ́n ẹ̀rọ ni wọ́n ń wá, wọn ò sọ pé àwọn fẹ́ gba ayò là." Mo gbà. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ wé èèyàn, ó di dandan kó rí èèyàn.

ÒHUN TÓ Ń DÙN MỌ́NI

Ìmọ̀ mìíràn wà tó jẹ́ pé géèmù gan-an ló gbájú mọ́. Ní 2001 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé àtìgbàdégbà kan tó ń jẹ́ Game Studies, ní 2003 sì ni ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí géèmù lágbàáyé, DiGRA, ṣe ìpàdé ńlá wọn àkọ́kọ́ ní Utrecht ní ilẹ̀ Netherlands. Ní 2004, Robin Hunicke, Marc LeBlanc àti Robert Zubek kọ ìwé kékeré kan tí àwọn tó ń ṣe géèmù ń tọ́ka sí títí dòní. Ohun tí wọ́n sọ kò le rárá. Wọ́n ní ohun mẹ́ta ló wà nínú eré: òfin rẹ̀, ohun tí òfin yẹn ń bí nígbà tí àwọn èèyàn bá ń ṣe é, àti ohun tí ẹni tó ń ṣe é ń rí nínú ọkàn. Ẹni tó ń ṣe géèmù, ọ̀dọ̀ òfin ló ti ń wò ó. Ẹni tó ń ta á, ọ̀dọ̀ adùn ló ti ń wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù tí yóò pẹ́ láyé, ó gbọ́dọ̀ mọ ojú méjèèjì í lò.

Ẹ wá fi èyí wọn ìwádìí ayò tí mo kà sílẹ̀ lókè. Òfin: wọ́n mọ̀ ọ́n. Ohun tí òfin ń bí: wọ́n mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, wọ́n kà á dé 889,063,398,406. Adùn ńkọ́? Òdo.

Kí ẹ má baà rò pé àsọdùn ni, mo gbé ayò orí fóònù lọ sí ibi kan tí wọ́n ti ń ta ayò ní Ṣómólú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé kan tí ìró ẹ̀rọ rẹ̀ kì í dákẹ́. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí ọ̀ta. Mo kí wọn, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá èyí ta." Wọ́n gba fóònù, wọ́n fi jígí sójú, wọ́n ta á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n jẹ ẹ̀ẹ̀kan, fóònù jẹ ẹ̀ẹ̀mejì. N kò ní í tan yín, ẹ̀rọ náà mọ̀ ọ́n ta. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, èèyàn bíi mẹ́jọ ló yí wọn ká. Kí wọ́n tó ta èkejì tán, ó ku èmi àti ọmọ kékeré kan. Ojú fóònù kéré, òǹwòran ò rí nǹkan kan, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá dá fóònù padà fún mi.

"Ó gbọ́n," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo bú u títí, kò dá mi lóhùn. Ta wá ni mo bá ta?"

Èmi náà ò rí èsì fọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayò, ẹ mọ ohun tí Bàbá ń sọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu jẹ́ ara ohun ìjà nídìí ayò. Ọ̀ta á sọ̀rọ̀ kan, ọ̀pẹ̀ á bínú, á sáré ta èyí tí kò yẹ kó ta. Ẹni tó dúró tì í á ju àbá sí i, àbá náà sì lè jẹ́ irọ́. Gbogbo èyí wà nínú eré, kò sí nínú ìṣirò. Kọ̀ǹpútà tí ò gbọ́ èébú, tí ò sì mọ bí a ṣe ń búni, ìdajì ayò ló mọ̀.

IBI TÍ ÈRÒ AYÒ KÓ LỌ

Ẹ má wá rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé ayé ti bàjẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ò ta ayò mọ́. Rárá o. Ẹ bá mi rìn díẹ̀ sí i ní àdúgbò kan náà. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n méjì, bẹ́ǹṣì mẹ́ta, àti ẹ̀rọ PlayStation. Àwọn ọ̀dọ́ ń san owó láti gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ, èyí tí wọ́n ń pè ní FIFA títí di 2023 kó tó yí orúkọ padà sí EA Sports FC. Àwọn méjì ló ń gbá a. Èèyàn mẹ́wàá ló dúró lẹ́yìn wọn. Ẹ wá gbọ́ ariwo! Ẹni tó borí jókòó, ẹni tó pàdánù dìde fún ẹlòmíràn. Wọ́n ń bú u, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ẹnìkan ń sọ fún un pé kó gbá a sí ọ̀tún, ẹnìkan ní òsì ni. Ọ̀ta wà níbẹ̀, ọ̀pẹ̀ wà níbẹ̀. Kí ni ìyàtọ̀? Àní, ẹ gbọ́ bí àwọn oníròyìn eré ìdárayá ṣe ń ka góòlù lédè wa lórí rédíò: ayò méjì sí òdo. Èdè wa ti mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wọ́n kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó mọ̀.

Nítorí náà, adùn ayò kò tíì kú. Ó kó lọ sí ilé mìíràn ni, onílé ibẹ̀ kì í sì í ṣe wa. Kánádà ni wọ́n ti ń ṣe géèmù bọ́ọ̀lù yẹn. Bí ọmọ Bàrígà bá fi owó rẹ̀ ra ariwo, ẹ̀fẹ̀ àti orúkọ ọ̀ta, ọjà tí ó ń rà ti wà nínú ọpọ́n baba rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó dì í fún un lọ́nà tó bá fóònù àti tẹlifíṣọ̀n mu ni.

Ó kù díẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì kan tí n kò ní í dárúkọ. Ní ọdún tó fẹ́ jáde, ó ní òun fẹ́ ṣe ayò kan tí ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò lè máa wò lórí fóònù tiwọn, kí wọ́n sì máa sọ̀rọ̀ sí àwọn tó ń ta. Olùkọ́ rẹ̀ bi í léèrè pé níbo ni ìṣirò wà nínú ìyẹn. Ọmọ náà padà lọ ṣe ayò tí kọ̀ǹpútà ti ń borí. Wọ́n fún un ní máàkì tó dára. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá ó ṣì ń ta á. Ó ní, "Ta ló fẹ́ máa bá a ta?" Ẹ ò rí i pé ìbéèrè Bàbá ìdí ilé ìtẹ̀wé náà ni, láti ẹnu ẹni tí kò mọ Bàbá rí.

Àwọn oníṣòwò ti ṣáájú àwọn ọ̀mọ̀wé níbi ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2012 ni Hugo Obi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Maliyo Games sílẹ̀ ní Èkó. Ọ̀kan nínú àwọn géèmù wọn àkọ́kọ́, ọ̀kadà ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n tún ṣe Whot King, láti inú káàdì Whot tí gbogbo wa mọ̀. Òyìnbó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló dá Whot sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n ẹ lọ bi ọmọ Nàìjíríà léèrè, yóò ní ti bàbá òun ni. Ní 2024, àwọn Maliyo kan náà ló ṣe géèmù Iwájú: Rising Chef fún Disney, ti oúnjẹ sísè ni. Ní 2012 náà ni Abíọ́lá Ọláníran, ẹni tó jáde ní yunifásítì Ifẹ̀, dá Gamsole sílẹ̀, àwọn èèyàn káàkiri ayé sì gba géèmù rẹ̀ sórí fóònù Windows nígbà ayé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ àwọn wọ̀nyí ní ohun tó ń dùn mọ́ni. Wọ́n ń dán an wò, bí ọjà ò bá tà, wọ́n á ṣe òmíràn. Ọ̀nà oníṣòwò nìyẹn, ó sì ń náni lówó. Ohun tí ìwádìí wà fún ni pé kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn má ṣe fi owó kọ́ ohun tí wọ́n lè fi ìwé kọ́.

OHUN TÍ MO FẸ́

Ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé wa, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni.

Àkọ́kọ́, ẹ wá ọ̀ta ayò kàn. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín síwájú wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n ta á ní gbangba, bí Tinsley ti ṣe. Bí ẹ̀rọ bá borí, a óò pàtẹ́wọ́ fún yín. Bí kò bá borí, ẹ óò kọ́ ohun tí Awale kò lè kọ́ yín.

Èkejì, ẹ ka òǹwòran mọ́ eré. Ẹ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ sí ìdí ayò, kí ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta, kí ẹ sì kó ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jọ: ìgbà tí wọ́n sọ ọ́, ohun tó wà lójú ọpọ́n nígbà náà, àti ohun tí ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí wá ta lẹ́yìn rẹ̀. Ìwádìí nìyẹn, ìṣirò sì wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ń wá ìṣirò. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ bóyá òótọ́ ni pé èébú ń mú ọ̀pẹ̀ ṣìṣe, àti iye ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ lọ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù. Ẹ má fi ojú ọmọ ìta wo àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ń sanwó láti gbá bọ́ọ̀lù níwájú èrò nígbà tí wọ́n lè gbá a nílé. Èsì tí wọ́n bá fún yín, òun ni kí ẹ fi kọ́ ayò tuntun.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn. Owó ìwádìí kò tó, iná kò dúró, ìwé tí wọ́n fi ń gba ìgbéga sì ní irú ohun tó fẹ́ kà. Àmọ́ ohun kan wà tí àwọn ará Akókà ní tí àwọn ará Amsterdam kò ní. Bí wọ́n bá jáde ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì, ẹsẹ̀ lásán ló máa gbé wọn dé Bàrígà, wọn ò nílò ọkọ̀. Àwọn tó mọ ayò wà níbẹ̀, àwọn tó mọ géèmù wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń sọ èdè kan náà. Àwọn àgbàlagbà tó mọ ọ̀rọ̀ ìdí ayò ń dín kù lọ́dọọdún, kò sì sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà 144 tó lè pe ẹni tó ti lọ padà.

Ní tiyín, ẹ̀yin òǹkàwé, bí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n kan bá wà ládùúgbò yín tó ṣì ń ta ayò, ẹ lọ dúró tì í ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí. Ẹ mú ọmọ yín dání. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tí ẹ bá gbọ́ níbẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ìlú tí ẹni tó sọ ọ́ ti wá. Ọjọ́ tí ọ̀mọ̀wé kan bá wá béèrè, kí ẹ lè rí nǹkan fún un.